Màmá Ń Dán Ìyáálé Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Tí ìyá tó bí ìyàwó yín bá di maṣíìnì mú, tí maṣíìnì náà ń yí fìrì-fìrì, tó sì ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré kó ba ohun tí kò ní àtúnṣe jẹ́, báwo lẹ ṣe máa jágbe mọ́ ọn? Ẹ rántí o, ìyá ìyàwó ni. Ẹni tí ẹ fi àyà lélẹ̀ fún kí wọ́n tó fa ọmọ lé yín lọ́wọ́. Ẹ rò ó dáadáa. Èmi náà rò ó. Ibi tí mo ti ń rò ó ni ọ̀dà ti jó.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa dán ọ̀dà ara ọkọ̀. Kì í ṣe fífọ̀ o! Afọkọ̀ ń mú ìdọ̀tí kúrò. Èmi ń mú ogbó kúrò. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù, àwọn tí ẹni tó ni wọ́n ti gé, tó ti tún wọn rán bí aṣọ, tí irú wọn kò sí mọ́ láyé àfi ẹyọ kan náà. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí láì forí gbárí. Iná gígùn mẹ́fà wà lókè àjà, méjì wà lára ògiri, nítorí iná ló máa ń tú àṣírí ọ̀dà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ọ̀rẹ́ mi tó ń lẹ táyà wà. Atẹ́gùn là ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ àti nítorí ẹnu rẹ̀. Òun náà ló sọ mí ní Dígí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi tapólì bò sẹ́yìn. Ta ló sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà? Ìyá ìyàwó mi. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ti ń hu ewú ṣì máa ń ju sìgá nù tí wọ́n bá rí i lókèèrè. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù kan tó tóbi jù ú lọ, ó ká apá rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin. Mo dá aṣọ náà mọ̀. Ti bàbá ìyàwó mi ni, tó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn.

“Ẹ kú àárọ̀ mà! Ẹ káàbọ̀ mà! Ẹ ò pè wá tẹ́lẹ̀ mà!” Mo ti wà nílẹ̀ gbalaja kí n tó dé “mà” kẹta.

“Dìde, ọkọ ọmọ mi, gíríìsì wà nílẹ̀ yẹn. Mo wá kọ́ṣẹ́ ni.”

“Iṣẹ́ wo mà?”

“Èyí tí ò ń ṣe yìí. Àbí ó ní òmíràn tí ò ń ṣe lábẹ́lẹ̀?”

Atẹ́gùn ti gbé táyà jù sílẹ̀. Eré ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

A ṣí tapólì. Màmá nawọ́ sí ọkọ̀ náà bí ẹni ń fi àlejò hanni. “Ìyáálé mi rè é.”

Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́rin ni ọkọ̀ yẹn ti wà lọ́dọ̀ Bàbá kí ó tó fẹ́ Màmá. Ó bá a nílé ni. Kíkun ọkọ̀ ní ọ̀dà ni Bàbá fi jẹun, ọkọ̀ tirẹ̀ ni ó sì fi ṣe fààjì. Ó gé òrùlé rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbú ọwọ́ kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dé fìlà ní láti yan ọ̀kan: kí ó wọlé tàbí kí ó dé fìlà. Ó yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn kúrò níta, ó fi bọ́tìnnì kan pamọ́ sábẹ́, ó ní ilẹ̀kùn òun kì í ṣe ti gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ló po àwọ̀ kan fúnra rẹ̀ nínú garawa kan ṣoṣo. Kò pupa, kò dúdú, ó dà bí ẹyin iná tó kù díẹ̀ kó kú. Kò kọ bó ṣe pò ó sílẹ̀. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní irun bíi mẹ́jọ fa ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti iwájú dé ẹ̀yìn láì gbé ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọdún méjì tí ọkọ̀ náà fi wà lẹ́yìnkùlé ti mú un. Ara rẹ̀ ti ṣá, ó ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó la eruku kọjá.

“Ọdún méjìdínlógójì ló fi ń pè mí,” ni Màmá wí, “pé kí n wá bá òun di iná mú kí òun lè ríran dán an. Mo máa ń ní, ṣé mọ́tò la fẹ́ jẹ ni? Ó kú, mi ò bá a di iná mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.” Ó sọ ọ́ gbẹrẹfu bí ẹni ń pe orúkọ nínú kíláàsì. “Èmi ni màá dán an. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ṣe é. Mi ò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Torí náà, kọ́ mi.”

Mo mú ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó, mo gbé e lé ara ọkọ̀ náà káàkiri. Ọ̀dà tó sanra máa ń kọ ọgọ́fà. Èyí kọ àádọ́ta. Ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọgbọ̀n. Mo gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

“Màmá, ẹ wò ó, ọ̀dà tí a bá fi maṣíìnì bó kì í padà wá. Èyí ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè gba dídán. Tí ọwọ́ bá ṣì í, ọ̀dà eérú tó wà nísàlẹ̀ ló máa yọ, kò sì sí ibi tí a ti lè rí àwọ̀ Bàbá fi bò ó mọ́ láyé.”

“Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò bẹ̀rù mi.”

Mo sá wọ inú, mo pe ìyàwó mi ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì.

“Màmá ní àwọn fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.”

“Ṣé o ò mọ iṣẹ́ náà ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Kọ́ wọn nígbà yẹn. Mò ń gún ẹnì kan lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́.” Ó pa fóònù.

Bí mo ṣe di ọ̀gá ìyá ìyàwó mi nìyẹn.

Mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù kan lé orí àpótí méjì pé kí ó máa fi kọ́wọ́. Mo fi maṣíìnì hàn án, fóòmù rìbìtì tó ń yí lẹ́nu rẹ̀, àti ìpara tí a ń fi sára fóòmù náà láti dán ọ̀dà. Màmá yọ ìwé àjákọ kan àti báírò pupa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. Táwẹ́lì tó bá jábọ́ sílẹ̀ ti kú. A kì í gbọn òkú nù ká tún fi nu ọkọ̀, nítorí hóró iyanrìn kan ṣoṣo lè ya ọ̀dà bí abẹ. Kí ohun líle kankan má ṣe wà lára ẹni, ì báà ṣe aago, ìgbànú tàbí òrùka. Màmá wo òrùka ìgbéyàwó rẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Mo na téèpù sí i, ó wé e mọ́ òrùka náà ní ìgbà mẹ́ta. Òfin tó ga jù lọ ni pé maṣíìnì kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ ní etí, tàbí níbi tí irin bá ti yọ gọngọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ibẹ̀ ló máa ń gbóná, tí á sì jó.

“Etí wo? Ọ̀tún àbí òsì?”

“Gbogbo etí ni mà.”

“Máa sọ̀rọ̀ kó yéni.”

Nígbà tó di ọ̀sán, ó yí ìwé náà sí mi. Ó ti fún ìkọ́ni mi ní máàkì. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá.

Ọjọ́ kẹta ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ Màmá ti ń rọ̀, inú mi ti ń dùn. Ló bá dé ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà gbé yọ gọngọ láàárín, ó sì tẹ maṣíìnì mọ́ ọn bí ẹni ń lọṣọ. Tó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ mìíràn ni, ǹ bá ti jágbe kí n tó rántí pé mo lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó ni. Mo ṣí fìlà.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Oo. Ìwọ náà kú iṣẹ́.”

“Ẹ forí jì mí mà, kì í ṣe pé mo fẹ́ dí yín lọ́wọ́.”

“Kò burú.”

“Iṣẹ́ yín dára gan-an ni mà. Ó ti ń mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun kékeré kan ló kàn wà níbẹ̀, tí kò bá ní bí yín nínú…”

“Kí ló ń rùn yìí?” ni Màmá wí.

Ọ̀dà tó jó ni. Ó jó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, irin sì ń wò wá láti ibẹ̀ bí ojú ẹja.

Atẹ́gùn rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sínú táyà tí kò lè dìde mọ́. “Dígí! O kí wọn tán, o gbàgbé láti béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé!”

Lọ́jọ́ kejì, mo dá ọgbọ́n mìíràn. Èmi àti Màmá fẹnu kò pé tí mo bá ti wúkọ́, kí ó gbé ọwọ́. Mo wúkọ́, ariwo maṣíìnì kò jẹ́ kó gbọ́. Mo wúkọ́ bí ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ fẹ́ já. Ó wò mí, àánú mi ṣe é, maṣíìnì ṣì wà níbi tó wà. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Eruku ìpara yìí ti ń wọ̀ ọ́ láyà. Súìtì wà nínú báàgì mi.”

“Àdéhùn wa ni mà! Àdéhùn wa ni!”

“Háà. Ó dún bí ikọ́ gidi ni.”

Ọ̀dà ti jó níbi kejì.

Atẹ́gùn ní òun ní ojútùú. “Màmá, èmi kì í ṣe àna yín. Ẹ jẹ́ kí n máa bá a pariwo.” Ó sì pariwo lóòótọ́. Kí ni Atẹ́gùn kì í pariwo mọ́? Ó jágbe mọ́ ẹni tó gun alùpùpù kọjá, Màmá gbé ọwọ́. Ó jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, Màmá gbé ọwọ́. Ó jágbe mọ́ táyà tó kọ̀ tí kò wọ ríìmù rẹ̀, Màmá gbé ọwọ́. Títí ọ̀sán, Màmá ti gbé ọwọ́ nígbà mọ́kàndínlógún, ibi tó dán kò sì ju ohun tí àwo ìjẹun kan lè bò mọ́lẹ̀ lọ.

Ó pa maṣíìnì. “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá síbí.”

A wá, a kó ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ọkọ ọmọ mi, ta ló mọ iṣẹ́ yìí?”

“Èmi ni mà.”

“Ta ló ń kọ́ṣẹ́?”

“Ẹ̀yin ni mà.”

“Mo lé olùkọ́ kan kúrò nílé ẹ̀kọ́ mi nígbà kan rí, nítorí pé ó ń bẹ̀rù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kò lè kọ́ wọn. Ìwọ náà fẹ́ kí n sun ọkọ̀ ọkọ mi jóná tìtorí ìwà ọmọlúàbí?” Ó na ọrùn aṣọ iṣẹ́ náà. “Tí aṣọ yìí bá ti wà lọ́rùn mi, ọmọṣẹ́ ni mí. Tí mo bá bọ́ ọ, mo tún di ìyá. Ó yá, pariwo mọ́ mi.”

“Nísinsìnyí mà?”

“Ṣé kí n lọ kí n padà wá ni?”

Mo mí kanlẹ̀. “Dúró… mà.”

“Yọ mà kúrò.”

“Dúró… ẹ jọ̀ọ́.”

“Ta lò ń bẹ̀? Láti inú ikùn ni kó ti wá!” Ó mú igi kékeré kan, ó ń fi lu àpótí bí ẹni ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin. “Lẹ́ẹ̀kan sí i! Lẹ́ẹ̀kan sí i!” Atẹ́gùn náà ń bá mi ká a. Nígbà tó di ìgbà kẹtàlá, nǹkan kan já nínú mi. Ọdún mẹ́sàn-án “bẹ́ẹ̀ ni mà” ló ti kó jọ síbẹ̀.

“DÚRÓ! GBÉ ỌWỌ́ KÚRÒ NÍBẸ̀! ṢÉ OJÚ Ń DÙN Ọ́ NI? ÌGBÀ MÉLÒÓ NI MO MÁA SỌ Ọ́?”

“Ó dáa!” Màmá pàtẹ́wọ́. “Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá!”

Lẹ́yìn mi ni fúláàsì oúnjẹ kan ti jábọ́ sílẹ̀ gbàà.

Ìyàwó mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì funfun, tí oúnjẹ ọ̀sán wa ń ṣàn lọ lẹ́bàá bàtà rẹ̀. “Màmá mi lò ń jágbe mọ́?”

“Rárá o! Ọmọṣẹ́ mi ni.”

“Ta ni ọmọṣẹ́ rẹ?”

Mo na ìka sí Màmá. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ti tán nínú mi? Mo yíjú sí i pé kó gbà mí. Kí ni mo rí! Ooru ti mú Màmá. Ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ti gbé e kọ́ ara ògiri.

“Ọkọ ọmọ mi,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, “ṣé èmi lò ń na ìka sí?”

Atẹ́gùn sá jáde. Láti ilé ẹni kẹta la ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Màmá ṣàlàyé, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọ ìyàwó mi lára. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀ nílé wa. “Ògiri, sọ fún ọkọ mi pé omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti gbóná.” Èmi náà á ní, “Ògiri, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi.” Lọ́jọ́ kẹta ó bú sẹ́rìn-ín láàárín gbólóhùn kan, ni ògiri bá sinmi.

Ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan ti yí padà. Mo ń jágbe, ọmọṣẹ́ mi ń gbọ́. Ní aago mẹ́rin, ó máa bọ́ aṣọ iṣẹ́, èmi á dọ̀bálẹ̀, a ó sì kí ara wa pé ó dàárọ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè mí wá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù náà. Mo tan iná sí i. Tẹ́lẹ̀, tí iná bá bà á, àwọn ìlà wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́ ló máa ń yí iná náà ká bí ilé aláǹtakùn. Nísinsìnyí, yàtọ̀ sí ibi méjì tó ti jó, iná ni mo rí, iná nìkan, bí ẹni pé mo wo inú kànga. Mo wá ibi tí màá ti jágbe, mi ò rí.

“Mélòó nínú mẹ́wàá?” ni ó bi mí.

“Màmá, ó ti tó àkókò.”

A wẹ ọkọ̀ náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A fi téèpù bo gbogbo etí, a bo ìlà funfun náà pẹ̀lú. Màmá di maṣíìnì mú, kò tàn án.

“Ṣé kí a fi sílẹ̀ di ọ̀la mà?”

“Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn mi.”

“Kí lò ń wò nígbà yẹn? Bẹ̀rẹ̀!”

“Ẹ ṣé, ọ̀gá.”

Ó dán ibi tó tó ojú ìwé ìròyìn kan, ó gbé maṣíìnì, ó yí fóòmù rẹ̀ sókè láti nù ún. Ó dúró bí òpó. Fóòmù náà, tó funfun nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ti pọ́n. Àwọ̀ ẹyin iná ni.

“Mo ti ń bó o kúrò,” ni ó wí wúyẹ́. “Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí.”

Gbogbo ìjágbe tí mo kọ́ ló fò lọ. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. Kò ní ọ̀dà aláìláwọ̀ tó mọ́ gaara lórí bíi ti òde òní, àwọ̀ rẹ̀ gan-an ni à ń dán, awọ òkú tó wà lójú rẹ̀ ló sì máa ń wá sára fóòmù. Mo fi táwẹ́lì nu ojú ibẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ Bàbá ti jí. Ó ń wò wá. Màmá náà wò ó, ó pẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ ju fóòmù náà sínú garawa omi, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi wé láílọ́ọ̀nù, ó gbé e sínú báàgì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dán an. Mo jágbe mọ́ ọn nígbà mẹ́rin péré. Ìkan nínú rẹ̀, èmi ni mo jẹ̀bi. Ní ọjọ́ kẹta, ibì kan ṣoṣo ló kù: lábẹ́ fèrèsé ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ohun kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ìyókù lọ. Mo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lé e. Méjìdínlógún! Ọ̀dà tó kù níbẹ̀ kò ju èémí lọ.

“Màmá, ibí yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọṣẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi bá yín ṣe èyí.”

Ó rò ó. Ó na maṣíìnì sí mi. “Ẹ̀yin lọ̀gá.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, orí mi wú. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́! Mo yan fóòmù tó rọ̀ jù, mo dín eré maṣíìnì kù, mo tẹ̀ bí oníṣẹ́ abẹ. Èrò mi ni pé kí n dán àyíká rẹ̀ wọnú ara wọn, kí ojú má rí àmì náà mọ́. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi kì í ní àmì. Mo gbé fóòmù lé e.

“DÚRÓ!”

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo rò pé mo mọ ìjágbe. Ọwọ́ mi ti kúrò lára ọkọ̀ kí etí mi tó gbọ́. Ní ìta, jáàkì bọ́ lọ́wọ́ Atẹ́gùn. Ọkọ̀ kan tẹ bíréèkì lójú títì. Ọkùnrin kan tó ru búrẹ́dì dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

“Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?” ni Màmá bi mí.

“Mo fẹ́ mú àmì yìí kúrò ni.”

“Wọlé. Jókòó síbi dírẹ́bà. Sọ gíláàsì kalẹ̀. Ṣe bí ẹni ń wa ọkọ̀ lọ jẹ́ẹ́.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan di ìdarí mú, mo gbé ìgbọ̀nwọ́ kejì lé ojú fèrèsé bí gbogbo dírẹ́bà ṣe máa ń ṣe. Màmá ní kí n wo ibi tí ìgbọ̀nwọ́ mi wà.

Orí àmì náà gẹ́lẹ́ ni.

“Ọdún méjìlélógójì,” ni ó wí. “Ibẹ̀ ló máa ń fi ọwọ́ sí. Ó ti dán ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún un dán.”

Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Méjìdínlógún ti di mẹ́rìndínlógún. Ìfọwọ́kàn kan péré nìyẹn o. Ká ní mo dán an bí mo ṣe gbèrò ni, eérú ni ìgbọ̀nwọ́ Bàbá ì bá dà, ọ̀gá ogún ọdún ni ì bá sì ṣe é, kì í ṣe ọmọṣẹ́. Mo ń wá bí màá ṣe bẹ̀bẹ̀.

Màmá kò dúró de ẹ̀bẹ̀. Ó fi ìka kan bu ìpara ìkẹyìn, èyí tí a fi ń dáàbò bo ọ̀dà, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lásán pa á níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìsí táwẹ́lì, láìsí maṣíìnì. Mo jáde lọ bá Atẹ́gùn. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Rọ́bà ló wọ̀ mí lójú,” ni ó wí.

“Èmi náà,” ni mo wí. Mi ò tíì fọwọ́ kan rọ́bà láti àárọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta la tì í jáde sínú oòrùn. Ìyàwó mi ti dé, kò gbé fúláàsì lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ rántí ẹyin iná tó kù díẹ̀ kó kú? Ẹnì kan ti fẹ́ ẹ. Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rìn yí i ká, ó ń pe bàbá rẹ̀ jẹ́ẹ́. Atẹ́gùn nu ọwọ́ sára ṣòkòtò kó tó sún mọ́ ọn.

Ìgbà náà ni ẹyẹ kan kọjá lókè, ó sì yàgbẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo wa dì. Ẹ má fi ìgbẹ́ ẹyẹ ṣeré. Ó kan, ó ń jẹ ọ̀dà, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbínú nù ún gbẹ, ó ti ya ọ̀dà náà kọjá àtúnṣe. Lórí ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀! Mo la ẹnu. Ìmọ̀ràn méje ló tò sẹ́nu mi, wọ́n ń ti ara wọn, ìkankan kò rí ọ̀nà jáde.

Màmá ti bu omi sórí táwẹ́lì tó mọ́. Ó tẹ́ ẹ lé ìgbẹ́ náà jẹ́jẹ́. Ó ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n, kí ó lè rọ̀. Ó wá ká a sókè, kò fà á, kò tẹ̀ ẹ́. Ó yí táwẹ́lì sí ojú tó mọ́, ó tún ká èyí tó kù. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó lókè, mo wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ìlà kan. Ẹnu mi ṣì là sílẹ̀.

“Pa ẹnu dé, ọ̀gá,” ni ó wí. “Ẹyẹ náà ṣì wà lókè.”

Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, ìyàwó mi nu ojú. Mẹkáníìkì ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní kò sí wàhálà. “Ta ló máa wà á lọ sílé báyìí?”

“Èmi ni,” ni Màmá wí.

“Màmá! Ẹ ò mọ ọkọ̀ wà!”

“Ṣé mo mọ̀ ọ́n dán ní oṣù tó kọjá?”

Ó ti tẹ bọ́tìnnì abẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi wò mí. Pápá gbalasa kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò sí igi, kò sí ògiri, koríko nìkan. Mo ṣí fìlà, mo tẹ orí ba, mo wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn ti ń yí àwọn táyà rẹ̀ wọlé ní méjì-méjì, láìtíì sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ọ̀gá,” ni Màmá wí, ó di ìdarí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń wo iwájú bí ẹni fẹ́ pe kíláàsì sí àkíyèsí, “bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.”